Ìbéèrè Karùn-ún

Lókè ilé oògùn kan ní Kúbúwà ni wọ́n ti ń kọ́ wa,
Sátidé dé Sátidé, ogún àga oníke,
fáànù kan tó ń yí bí ẹni tí wọ́n jẹ ní gbèsè owó oṣù.
Èmi ni mo dàgbà jù níbẹ̀:
ẹni ọdún mẹ́tàlélógójì, bíríkìlà láti Ìrá,
àtẹ́lẹwọ́ mi le bí ẹ̀yìn ìjàpá,
bírò ń yọ̀ bọ́ nínú rẹ̀ bí ẹja àrọ̀.
Àwọn ọmọ tó jókòó tì mí ti ka ìwé dé yunifásítì;
wọ́n ń pè mí ní Bàbá, wọ́n ń yá mi ní rúlà.

Màdáámù Kande kì í pariwo.
Ọmọ Gbagyi ni, ó kúrú, téèpù kì í kúrò lọ́rùn rẹ̀.
Ó kọ́ wa bí a ṣe ń ka ilẹ̀ kí a tó gbẹ́ ẹ:
iyanrìn kì í ṣe amọ̀, amọ̀ kì í ṣe àpáta Mpape,
kòtò tó bá ti jìn ju àyà ọkùnrin lọ
ti ń wá òkú tirẹ̀.
Ó kọ́ wa ní orúkọ okùn, orúkọ ìkọ́,
ibi tí bẹ́líìtì ti ń gbó kó tó já.
Ó kọ́ wa bí a ṣe ń wí pé "Ó tó"
fún ọ̀gá tó ń san owó wa.
Èyí le ju ìṣirò lọ.

Lọ́jọ́ kan ó ní kí ẹnì kan sọ ti òkú tó mọ̀.
Mo nawọ́. Mo sọ ti Tanimu,
ọmọ Dutsin-Ma, tó máa ń kọrin tó bá ru búlọ́ọ̀kù,
tó já bọ́ láti àjà kẹta ní Jahi, láàárọ̀ Túsìdeè.

Kí ló pa á?
Ó ṣubú ni.
Kí ló dé tó fi ṣubú?
Ẹsẹ̀ rẹ̀ yọ̀, sìmẹ́ǹtì tútù wà nílẹ̀.
Ẹsẹ̀ gbogbo wa ń yọ̀. Kí ló dé tí kò fi rí nǹkan dì mú?
Igi ìdábùú etí àjà kò sí níbẹ̀.
Kí ló dé tí kò sí?

Ẹnì kan lẹ́yìn ní, "Àkókò rẹ̀ ló tó, màdáámù."
Kò tilẹ̀ wo apá ibẹ̀.
"Ọlọ́run kọ́ ló yọ ìṣó," ló wí, ó tún kọjú sí mi.

Wọ́n ti yọ ọ́.
Kí ló dé tí wọ́n fi yọ ọ́?

Fáànù ń yí.
Mo tún rí òwúrọ̀ náà: ọyẹ́ bo òkè Katampe,
ètè wa ti là, a ò lè di ṣọ́bìrì mú.
Mo mú òòlù, mo yọ ìṣó mẹ́rin,
mo ṣẹ́ igi náà sọ́nà mẹ́ta sábẹ́ ìkòkò tíì.
Tanimu fúnra rẹ̀ bá wa yáná.
Ó ní, "Nagode," ó rẹ́rìn-ín, ó gòkè lọ.

Ọdún mẹ́fà ni mo fi ń sọ pé ẹsẹ̀ rẹ̀ yọ̀.

Mo ní, "Òtútù, màdáámù."
Ó kọ ọ́ sójú pátákó.
Kò bi mí ní ìkẹfà.

Mo yege, máàkì mi kò ga.
Lúgbè ni mo wà báyìí, nínú ẹ̀wù aláwọ̀ ọsàn;
kọntirátọ̀ ń pè mí ní Ọ̀gá Má-ṣe-é.
Mo ti dá iṣẹ́ dúró lẹ́ẹ̀mejì, wọ́n fẹ́ lé mi lẹ́ẹ̀kan.
Bí ọyẹ́ bá dé, kí wọ́n tó kírun àsùbáà tán,
mo ti dé pẹ̀lú àpò èédú tí mo fowó ara mi rà.
Mo dáná sínú àgbá àtijọ́, mo gbé tíì kaná,
lẹ́yìn náà mo gòkè,
mo fọwọ́ kan igi ìdábùú lọ́kọ̀ọ̀kan,
mo ń ka ìṣó:
mẹ́rin. Mẹ́rin. Mẹ́rin.